Ohùn Adìẹ tí Mo Gbà Lẹ́nu Ọmọ

                                        Yàrá Kẹta, Ilé Àwọn Olùkọ́,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Jẹ́lé-ó-sinmi.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ẹlẹ́rìn-ín Ẹ̀yẹ, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mókun? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọn ò tíì wó ilé lé ọ lórí? Orúnkún màmá ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kí wọ́n rímú mí? Èmi náà wà, mo ń jẹ, mo ń mu, àmọ́ inú mi ò dùn rárá.

Ìwé aláwòrán tí o fi ránṣẹ́ sí mi, èyí tí adìẹ ti ń wá ọmọ rẹ̀ kiri, a ti kà á títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ya. Màá kọ́kọ́ fi àwòrán hàn wọ́n, a ó sọ ohun tí a rí, lẹ́yìn náà màá pín ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún wọn bí eré. Ẹni tó jẹ́ ewúrẹ́ á sọ tewúrẹ́, ẹni tó jẹ́ pẹ́pẹ́yẹ á sọ ti pẹ́pẹ́yẹ, àwọn yòókù á máa gbè é. Wọn ò tíì mọ̀wé kà, àwòrán ni wọ́n ń wò rántí ọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn. Ìyá àgbà ló ń tọ́ ọ. Látìgbà tó ti wọ kíláàsì mi, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn rí. Lọ́jọ́ kan, mo ṣí ibi tí adìẹ ti dúró létí kànga, ni mo bá gbọ́ ohùn kan: "Ọmọ mi dà?" Òun ni! Ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Bó ṣe di adìẹ wa nìyẹn. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti ń sọ ọ́, àwọn ìpáǹle kíláàsì pàápàá á dákẹ́. Ìyá àgbà ní kò jẹ́ sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù, pé ìgbà tí bàbá bá wá wòran ni yóò gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a pe àwọn òbí wá wo eré náà, ọ̀gá wa jókòó sẹ́yìn bí a ti ń dán an wò, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ adìẹ. Wọ́n ní kí n fún ọmọ tó lóhùn. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Èmi Aláròyé yìí, tí o máa ń sọ pé ẹnu mi ò ní ilẹ̀kùn, ọjọ́ yẹn ni mo rí ibi dákẹ́ sí. Mo gbé adìẹ fún ọmọ bíríkìlà, tí ohùn rẹ̀ lè la ògiri, mo sì fi ọmọ yìí sáàárín àwọn elégbè. Kò sunkún. Ó kàn bi mí bóyá bàbá òun ṣì ń bọ̀.

Bàbá dé lóòótọ́, eruku ọ̀nà ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga àwọn ọmọdé níwájú pátápátá, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Nígbà tí adìẹ sọ̀rọ̀, ó wo ọmọ bíríkìlà, ó tún wo ọmọ rẹ̀. Ètè ọmọ rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ adìẹ, kò sóhùn. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́, ọ̀gá yìn mí, ojú gbà mí tì. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun ò gbọ́ ohùn ọmọ òun dáadáa, pé bóyá ariwo ẹ́ńjìnnì ló ti di òun létí. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò lè sọ fún un pé etí rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́jọ́ kejì tó fi gbọ̀nà lọ.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ò tilẹ̀ jáde lẹ́nu, síbẹ̀ ó fọ́ nǹkan. Ó dùn mí dé egungun.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ṣí ìwé náà, mo ní kó wá ṣe adìẹ fún wa. Ó wo àwòrán, ó wò mí, ó pa ìwé dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá mi ti lọ," ló wí. "Ta ni kí n sọ ọ́ fún?"

Kò tíì sọ̀rọ̀ mìíràn látìgbà náà. Bá mi kí ilé o, kí o sì bá mi gbá àwọn ìbejì mọ́ra.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
                                        Aláròyé.