Aràn Inú Eku Tó Wọ Ikùn Màríyámọ̀

Abúlé Elérù,
Lọ́nà Ìsẹ́yìn.

Modinat, ọmọ mi ọ̀wọ́n ní Ìkòsí,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn oníbàárà ń yà sọ́dọ̀ rẹ ní Mile 12? Tòmátò rẹ kò ní rà kí ẹni tí yóò rà á tó dé, láṣẹ Ọlọ́run. Ìyá rẹ ní n kò gbọdọ̀ kọ nǹkan mìíràn kí n tó sọ pé ara Màríyámọ̀ ti yá. Ara ọmọ rẹ ti yá. Fi ọkàn balẹ̀ ka ìyókù.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí tí kò lọ. Fóònù náà wà lórí òrùlé ilé ìdáná, mo sá a sóòrùn, torí aràn wà nínú rẹ̀. Màá ṣàlàyé.

Nígbà tí o fi ọmọ yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn Iléyá, ara rẹ̀ le koko. Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó ń jẹun ṣùgbọ́n ṣe ló ń rù, ikùn rẹ̀ nìkan ló ń wú. Ìyá rẹ se àgbo títí ewé fi tán lẹ́yìnkùlé. Àwọn kan ní àárò rẹ ló ń ṣe é. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, àmọ́ ẹ̀rù bà mí, torí ìgbà tí mo gbé e lọ́jọ́ kan, ó fúyẹ́ bí agbọ̀n òfìfo.

Àsìkò yẹn ni ọmọbìnrin kan, Wùmí, dé láti yunifásítì, ó ní òun ń wá eku igbó láàyè. Ta ló tún mọ pàkúté dẹ ju bàbá rẹ lọ? Mo mú òkété àti emọ́ lọ fún un. Mo rò pé ọbẹ̀ ló fẹ́ sè, àfi ìgbà tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó la inú òkété, ó sì fa nǹkan funfun pẹlẹbẹ kan jáde bí okùn ṣòkòtò. Ó ní aràn ni. Ó fi ẹyin aràn náà sábẹ́ ẹ̀rọ kan, ó ní kí n wò ó. Modinat, ó tóbi tó ẹyin adìẹ. Ó ní ẹ̀rọ ló sọ ọ́ di ńlá, pé ojú lásán kò lè rí i. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé tí Iléyá bá dé, kó bá wa fi àgbò wa sábẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ṣàlàyé pé àwọn eku yìí kì í jókòó sígbó, wọ́n ń wọlé wá yàgbẹ́ sínú ọkà àti gàrí, kòkòrò inú ọkà á jẹ ẹ́, ọmọ tó bá bu irú ọkà bẹ́ẹ̀ jẹ láìsè lè gbé aràn mì. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ jókòó sílẹ̀. Agbọ̀n àgbàdo wa kò ní ìdérí, ibẹ̀ sì ni Màríyámọ̀ ti máa ń bu ọkà jẹ bó bá ń ṣeré.

A gbé e lọ sí sẹ́ńtà ìlera. Nọ́ọ̀sì Helen ní ká lọ mú ìgbẹ́ ọmọ wá fún àyẹ̀wò. Kí wọ́n má baà pè wá ní ahun, mo kó o kún agolo mílíìkì ńlá dé ẹnu. Helen di imú mú, ó ní èyí tó mọ bí èékánná ọmọ ọwọ́ ti tó. Irú aràn inú òkété yẹn gan-an ni wọ́n rí. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní ká padà wá, a padà, wọ́n ní inú rẹ̀ ti mọ́.

Ti fóònù wá ni pé Wùmí fi àwòrán aràn náà ránṣẹ́ sínú rẹ̀, kí n lè fi han àwọn àgbẹ̀ yòókù. Mo fi hàn wọ́n ní mọ́sálásí. Ilé ni mo dé tí mo rántí pé ojú kò lè rí ẹyin rẹ̀. Wùmí ní àwòrán kì í yé ẹyin. Òótọ́ lè ni, àmọ́ òun kọ́ ló ń fi fóònù náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ìwọ náà, eku Mile 12 tí o ní ó ń wo ènìyàn lójú bí lánlọ́ọ̀dù, má fojú kékeré wò ó. Máa fọwọ́ kí o tó jẹun, kí o sì máa dé oúnjẹ. Òkété yíyan tí mo máa ń fi ránṣẹ́, màá ṣì máa fi í ránṣẹ́, àmọ́ Wùmí ní kí a máa wọ ìbọ̀wọ́ tí a bá ń la inú rẹ̀, kí a sì sè é jinná dáadáa.

Jọ̀ọ́, fún Mutolib tó ń kó àgbàdo wá sọ́jà yín ní ike ńlá onídérí fún wa, àti owó sìmẹ́ńtì díẹ̀ tí a ó fi dí ihò ara ògiri. Bí ọwọ́ bá dẹ̀, fi owó tábà mi sí i.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, Màríyámọ̀ ń lé ewúrẹ́ káàkiri àgbàlá, ìyá rẹ ń pariwo pé kó dúró kó má baà ṣubú. Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ máa sáré.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun tí ń jẹ ni nínú rí ilé gbé lára wa. Ohun tí o bá jẹ yóò máa ṣe ọ́ lóore.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàká.