Wilfred Hibberd àti Àsíá Tí Kò Dìde

Ìlú Gosport níbí ni wọ́n ti bí bàbá wa, Wilfred Arthur Hibberd, lóṣù kẹta ọdún 1938, nínú ilé tó jẹ́ pé téèyàn bá yọjú lójú fèrèsé òkè, àwọn ọkọ̀ ogun lá máa rí. Arthur Hibberd ni bàbá tó bí wọn, Edith nìyá wọn. Arthur yìí náà, ọkọ̀ abẹ́ omi ló ń wọ̀. Ọkọ̀ wọn jáde lọ́dún 1943, kò padà wá, ẹnikẹ́ni ò sì rí i títí dòní. Bàbá wa ò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Òórùn epo dísẹ́lì lára kóòtù, ìyẹn nìkan ni wọ́n rántí nípa bàbá tiwọn. Kò sí sàréè tí wọ́n lè gbé òdòdó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n lọ sílé-ìwé débi tí wọ́n lè lọ dé. Ká sọ òótọ́, ìwé ò wọ̀ wọ́n lára, ojú fèrèsé ni wọ́n ń wò. Lọ́dún 1954, lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n wọṣẹ́ ológun ojú omi. Màmá Edith sunkún títí, wọ́n ní, "Orí omi ni kó o mọ o, Wilf. Má lọ sábẹ́ ẹ̀." Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, abẹ́ ẹ̀ gan-an ni wọ́n lọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Ọ́ńkù Ken Stallard, tí gbogbo yín mọ̀. Inú ọkọ̀ yẹn há gan-an, ibùsùn ò kárí, ẹni méjì ló ń pín ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá dìde lọ sẹ́nu iṣẹ́, èkejì á bọ́ sínú ooru ẹ̀. Ọ́ńkù Ken lẹnì kejì bàbá wa. Wọ́n sùn sórí ibùsùn kan náà fún ọdún méjì, wọn ò sì sùn síbẹ̀ pọ̀ rí. Ní ti báàjì ẹja méjì tí wọ́n ń lẹ̀ máyà ẹni tó bá ti di ọmọ ọkọ̀ abẹ́ omi, inú ife ọtí rọ́ọ̀mù ni wọ́n ń jù ú sí, èèyàn á mu ọtí tán, á feyín mú báàjì. Bàbá wa sáré mu tiwọn jù, eyín iwájú kan sì kán díẹ̀. Eyín kíkán yẹn náà ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín kiri Gosport títí dópin.

Lọ́dún 1963 wọ́n fẹ́ màmá wa, Maureen, ọmọ ilé Cobb. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá sílé àna, tààrà láti inú ọkọ̀ ni wọ́n ti wá, pẹ̀lú òórùn epo dísẹ́lì lára kóòtù. Ìyá màmá wa dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bọ́ kóòtù yẹn sẹ́yìn ilé kó o tó jókòó sórí àga mi." Màmá wa ní àwọn ò bínú sí òórùn náà, pé òun làwọn fi ń mọ̀ pé ọkọ àwọn ti dé. Ọlọ́run fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ, Lorraine lọ́dún 1965 àti Neil lọ́dún 1968.

Wọ́n fẹ̀yìn tì lọ́dún 1978, wọ́n sì lọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Portsmouth. Ẹni tó ti lọ sábẹ́ òkun fún ogún ọdún wá ń so okùn mọ́ èbúté láràárọ̀. Ọ́ńkù Ken á wọlé, á ní, "Wilf, ṣé wàá rì í lónìí ni, kára lè tù ẹ́?" Bàbá wa á ní, "Jókòó jẹ́ẹ́, èrò." Wọ́n ṣe é títí di ọdún 2001.

Ní ti ẹ̀sìn, a ò lè parọ́ níwájú òkú. Wọn kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì déédéé. Àmọ́ gbogbo oṣù kọkànlá, nígbà ìrántí àwọn tí ò padà wá, kò sóhun tó lè dá wọn dúró sílé. Láti ọdún 1996, àwọn ló ń gbé àsíá ẹgbẹ́ àwọn àgbà ọkọ̀ abẹ́ omi ìlú wa. Wọ́n ń lọ aṣọ wọn fúnra wọn, wọ́n ń fi ògbólógbòó ìbọ̀sẹ̀ nu orí ọ̀pá. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé níbo ni sàréè bàbá wọn wà, wọ́n á ní, "Abẹ́ àsíá."

Ó wá kan ọdún 2016. Ẹni tó wà níbẹ̀ rí i, ẹni tí ò sí níbẹ̀ ti gbọ́, kí la tún fẹ́ fi bò? Bó ṣe ń lọ ni pé wọ́n á fọn fèrè alẹ́, gbogbo àsíá á wálẹ̀ títí aṣọ á fi kan ilẹ̀, a óò dákẹ́, wọ́n á wá fọn fèrè àárọ̀, bí ẹni ń pe àwọn òkú dìde, gbogbo àsíá á dìde. Fèrè alẹ́ dún, ti bàbá wa wálẹ̀ rẹ́gí. Fèrè àárọ̀ dún, àsíá yòókù dìde, tiwọn ò dìde. Ó ti pẹ́ tí èjìká ọ̀tún ti ń dùn wọ́n, wọn ò sọ fẹ́nì kan. Wọ́n fà á, wọ́n tún fà á, ọ̀pá ò gbọ́. Gbogbo èèyàn ń wò wọ́n, ẹnì kan ò mira, torí ìdúró ṣánṣán la wà. Ọ́ńkù Ken ló kúrò lórí ìlà, tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kó tó dìde.

A fi mọ́tò gbé bàbá wa dé ẹnu ọ̀nà ilé. Wọ́n ní, "Wọ́n pe bàbá mi kó dìde, èmi ni mo fi í sílẹ̀ sísàlẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, wọn ò dé ẹgbẹ́ mọ́. Wọ́n fa kọ́tínì. Tí Ọ́ńkù Ken bá mú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wá, bàbá wa á ti wà ní kíṣìnì, wọ́n á máa juwọ́ sí wa pé àwọn ò sí nílé. Àwa náà á lọ parọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n lọ wo eyín. Wọ́n lọ gẹrun. Ọkùnrin tí irun orí ẹ̀ ò kún ọwọ́, a ní wọ́n lọ gẹrun lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù kan. Ọ́ńkù Ken tẹnu bọ ihò tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Wilf, mo mọ̀ pé o wà ńbẹ̀. Òórùn ẹsẹ̀ ẹ ni mò ń gbọ́ yìí, mo ti sùn sínú ẹ̀ fọ́dún méjì, mi ò lè ṣì í mọ̀." Bàbá wa fọwọ́ bo ẹnu ní kíṣìnì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Síbẹ̀ wọn ò jáde. Ó fẹ́ẹ̀ tó ọdún mẹ́jọ tá a fi bá wọn tilẹ̀kùn náà.

Nígbà tí àìsàn dé lọ́dún 2024, wọ́n pè wá jókòó. "Ẹ má pe ẹgbẹ́. Àsíá ò gbọdọ̀ wálẹ̀ nítorí tèmi. Ẹni tí ò lè gbé e dìde, kí ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ fún?" Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ni wọ́n sùn, wọn ò jí mọ́.

Ilé wa ò rójú. Màmá wa ní, "Ọ̀rọ̀ òkú ni, a ò gbọdọ̀ kọjá ẹ̀." Neil ní, "Màmá, ìtìjú ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn, bàbá mi kọ́." Lorraine kàn gbé fóònù, ó pe Ọ́ńkù Ken pé bàbá ti lọ, ó sì sọ ohun tí wọ́n ní ká má ṣe. Ọ́ńkù Ken gbọ́ ọ tán. Wọ́n wá ní, "Lorraine, ta lo rò pé ó ń gbé àsíá látìgbà yẹn?"

"Ẹ̀yin náà ni, Ọ́ńkù."

"Ọdún kan péré ni mo fi gbé e. Èjìká tèmi náà kọ̀. Roy Pettifer gbà á, ẹ̀yìn ẹ̀ kọ̀. Arúgbó ni gbogbo wa, ọ̀pá yẹn ò sì fúyẹ́. Méjì méjì la wá ń gbé e báyìí. Ohun tí mò ń wá sẹ́nu ilẹ̀kùn yín fún nìyẹn. Mo fẹ́ kó wá ṣe ẹnì kejì mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ gba ihò lẹ́tà, ojú ni wọ́n fi ń bẹ ọ̀rẹ́. Ẹ ṣáà ní ó lọ gẹrun."

Ojú tì wá, ojú ṣì ń tì wá bá a ṣe ń kọ èyí. Màmá wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ní kí wọ́n gbé e wá. Tí inú bá bí Wilf, tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kó bá mi jà."

Àwọn tí wọ́n fi sáyé ni màmá wa Maureen, Lorraine àti ọkọ ẹ̀, Neil àtìyàwó ẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ Jodie, Kerry àti Lewis, àti Arthur ọmọ Jodie, tí ò tíì rìn. Ọ́ńkù Ken náà wà nínú wọn. A ò mọ ibòmíì tá a lè kọ orúkọ wọn sí.

Lónìí, lẹ́yìn àdúrà, fèrè alẹ́ máa dún, Ọ́ńkù Ken àti Ọ̀gbẹ́ni Pettifer máa sọ àsíá kalẹ̀ níwájú pósí. Fèrè àárọ̀ máa wá dún. Àgbà làwọn méjèèjì. Tí àsíá bá pẹ́ kó tó dìde, a bẹ̀ yín, ẹ má wolẹ̀, ẹ má sì dúró ṣánṣán. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn, kó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Màmá wa ti ní àwọn ò ní wọ ìbọ̀wọ́ wá, káwọn lè rí ọ̀pá náà dì mú dáadáa.

Bàbá wa, ẹ ti ṣe tiyín, ẹlòmíì ti dìde sẹ́nu iṣẹ́. Ibùsùn ṣì gbóná. Ẹ bọ́ sí i, kí Ọlọ́run bò yín.