Ẹ̀rọ Amúlétutù Tí Kò Mú Ilé Tutù

Ilé,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán gangan.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara rẹ, báwo sì ni ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ? Ṣé eyín tó ń dun èyí àbúrò ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kí ó má bá ẹnikẹ́ni lórí ibùsùn. Ní tèmi, orúnkún mi ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ojú mi ṣì ń ríran, ẹnu mi kò sì tíì rẹ̀ mí, bí ìwọ náà ṣe máa rí i láìpẹ́.

O máa béèrè pé kí ló dé tí mo fi ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Ìdí ni pé bàbá rẹ kì í jẹ́ kí n dá fóònù gbọ́ mọ́. Bí ó bá ti mọ̀ pé ìwọ ni, ó ti gbé àga tì mí, á sì máa wo ẹnu mi títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán. Oorun ọ̀sán ló ń sùn lọ́wọ́ báyìí, ni mo ṣe rí àyè mú bírò. Awakọ̀ àdúgbò wa tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la ló máa fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Fara balẹ̀ kà á, má ṣe bí o ṣe máa ń ṣe, kí o kàn sáré wo ìparí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù tí o fi ránṣẹ́ ni. Ó sú mi. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ìdí tí a fi nílò rẹ̀ ná. Nígbà tí ọkàn bàbá rẹ dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, dókítà sọ ọ́ lójú gbogbo wa, ìwọ náà sì dúró ti fèrèsé níbẹ̀. Ó ní oògùn tí òun fún un ń fa omi kúrò lára, pé ooru lè gbé e ṣánlẹ̀ nígbàkígbà, àti pé lásìkò ooru, yàrá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Bí a kò bá lè ṣe é, ó ní kí a gbé e wá sí ọsibítù kí ó lo àsìkò náà níbẹ̀. Bàbá rẹ ní òun kò ní kú sínú yàrá tí kì í ṣe òun ló kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ṣáá ni. Ìwọ ní kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọ, a sì fi í sílẹ̀.

Mo pè ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mo béèrè ìbéèrè méjì péré: irú gáàsì wo ló wà nínú ẹ̀rọ tí o fẹ́ rà, kí sì ni lébẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ sọ nípa iná tó ń jẹ? O rẹ́rìn-ín. O ní, "Màmá, gáàsì ni gáàsì. Kó ṣáà ti tutù." O ní ọ̀rẹ́ rẹ tó ń tà á ti búra fún ọ. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi rìn láti ojúlé dé ojúlé tí mo ń ka mítà iná. Ajá mẹ́ta ló bù mí jẹ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, òun náà ló sì rán ọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí o ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìyá ẹni ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dùn mí. Mo sọ ọ́ síbí kí o lè mọ̀.

Ẹ̀rọ náà dé. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. Bàbá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá wo ohun tí ọmọ òun rà. Nígbà tí wọ́n so ó tán, tí kálukú lọ, mo mú awò ojú mi, mo yí lọ sẹ́yìn ilé, mo ka àwo irin pẹlẹbẹ tó wà lára apá tó wà níta. R22 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé o mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí? Gáàsì àtijọ́ ni. Òun ni wọ́n ní bó bá jò jáde, á gòkè lọ máa ba ohun tó ń dáàbò bo ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́, tí àwọn ìjọba fi fẹnu kò pé kí gbogbo ayé jáwọ́ nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọn kò ṣe é mọ́. Ẹni tó bá ṣì nílò rẹ̀, inú ẹ̀rọ tó ti kú ni wọ́n ti ń fà á fún un. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń kó jáde nílé ni ọ̀rẹ́ rẹ kùn ní ọ̀dà funfun, tó tà fún ọ. Ní ti lébẹ́ẹ̀lì, wọ́n ti ṣí i kúrò, gọ́ọ̀mù rẹ̀ nìkan ló kù. Ìràwọ̀ márùn-ún tí o sọ fún mi pé o rí, tí o ní ó jẹ́ àmì pé kì í jẹ iná púpọ̀, ara páálí ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí fún ẹwà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán obìnrin kan tó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Ìràwọ̀ tí ẹni tó ṣe ọjà bá yà fún ara rẹ̀ kì í ṣe àmì pé ẹnikẹ́ni yẹ ọjà náà wò.

Ó tutù fún ọjọ́ mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà, atẹ́gùn lásán ló kù. Mo pe atúnṣe wá. Gáàsì-Ti-Tán ni mo sọ ọ́, nítorí ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ nìyẹn kó tó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé gáàsì inú amúlétutù kì í ṣe epo ọkọ̀, ẹ̀rọ kì í jẹ ẹ́ tán, ńṣe ló kàn ń yí po nínú páìpù. Bó bá dín, ó ń jò ni, kí ó wá ibi tó ti ń jò. Ó ní, "Ìyá, ẹ lọ jókòó, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́." Ó rọ gáàsì kún un, ó jò. Ó padà wá rọ ọ́, ó tún jò. Ní ìgbà kẹta, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rà mọ́, ló bá gbé agolo R32 wá. Mo gbá a lọ́wọ́ mú. Gáàsì yẹn dára nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún un, ṣùgbọ́n ó lè gbiná, agbára rẹ̀ sì ju ohun tí ẹ̀rọ àtijọ́ lè gbà lọ. Yàrá tí ọkọ mi ń sùn ló fẹ́ fi dán an wò. Mo ní kí ó máa lọ, mo sì bá a gbé àpótí rẹ̀ dé géètì kí ó má baà yí padà.

Mo wá so ohun tí a fi ń wọn ooru mọ́ ògiri lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ. Ní aago méjì ọ̀sán, ó wà ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo jáde lọ wo mítà, ó ń sáré bí ẹni pé ẹ̀rọ ìlọta la gbé sínú yàrá. Ohun tí kò mú nǹkan kan tutù ló ń jẹ iná ju gbogbo ohun tó kù nínú ilé lápapọ̀. Mo wọlé láti sọ pé kí a pa á. Mo bá bàbá rẹ nínú súwẹ́tà. Ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ó ní, "Òtútù ẹ̀rọ ọmọ yìí ti pọ̀ jù." Òógùn ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo rò pé orí rẹ̀ ti ń dàrú ni. Mo bọ́ súwẹ́tà náà, ó tún un wọ̀. Mo gbé e pamọ́, ó wá a rí. Bí a ṣe ń fà á nìyẹn fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì, àgbàlagbà méjì lórí aṣọ kan. Ní Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ó dìde láti lọ sí ilé ìwẹ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀. N kò sọ fún ọ. Dókítà wá sílé, ó fọwọ́ kàn án, ó bi mí pé ta ló wọ súwẹ́tà fún ọkùnrin yìí nínú irú ooru báyìí. Bàbá rẹ gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu, ó ní ẹ̀rọ ọmọ òun ló lágbára jù. Dókítà wò mí láti òkè délẹ̀. Ojú tì mí bí ẹni tó jalè.

Nígbà tí dókítà lọ, mo jókòó tì í, mo ní kí ó sọ òtítọ́ fún mi tàbí kí n kó ẹrù mi. Ó fa aṣọ ìbora dé àyà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé o rántí àga yẹn?" Mo rántí. Ìwọ náà rántí. Àga tí o fi owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ rà fún un, tí bàbá rẹ yí dojú délẹ̀ níwájú àlejò, tó ń fi ìka tọ́ka sí oríkèé kọ̀ọ̀kan pé eléyìí kò bára mu, eléyìí kò ní lo ọdún kan. Fún ọdún mẹ́sàn-án, o kò fún un ní nǹkan kan mọ́, títí di ìgbà ẹ̀rọ yìí. Ó ní, "Kò sí ohun tọ́mọ yẹn rà fún mi rí tí mi ò rí àléébù ẹ̀. Mi ò ní wá àléébù sí èyí." Ó ní láti ọjọ́ kejìlá lòun ti mọ̀ pé kò tutù mọ́. Ó tún ní kí n bá òun wá ìbọ̀sẹ̀.

Ó yẹ kí n sunkún. Inú ló bí mi. Mo bá ọkùnrin yìí gbé fún ọdún mẹ́tàlélógójì, mo ń bẹ̀ ẹ́ kí ó rọ ẹnu rẹ̀, ìgbà tó máa wá rọ̀ ọ́, ìgbà tó lè pa á ló mú.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra ẹ̀rọ mìíràn. Mo ti wọn yàrá náà, gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀. Mo sọ fún olùtajà pé fèrèsé méjì ló ní, pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa ògiri kan. Ó fẹ́ ta èyí tó tóbi fún mi, mo ní rárá, èyí tó bá ju yàrá lọ á sáré tutù, á sáré dákẹ́, á sì fi ọ̀rinrin sílẹ̀ fún aláìsàn. Mo ní kí ó kó mẹ́ta tó tóbi bákan náà wá, mo fi lébẹ́ẹ̀lì wọn wéra, n kò wo páálí. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ni mo mú, nítorí nọ́ńbà yẹn ló ń sọ iye òtútù tí ẹ̀rọ ń fúnni lórí iná tó bá jẹ, láti ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò ooru dé ìparí rẹ̀. Bí yàrá bá ti tutù, ẹ̀rọ náà kì í kú kó tún máa tàn, ńṣe ló ń rọra dẹ eré rẹ̀ sílẹ̀. R32 ló wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, mo sì ní kí ẹni tó máa so ó fi ìwé ẹ̀rí hàn mí pé ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo gáàsì yẹn. Olùtajà bi mí bóyá tíṣà ni mí. Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti wà nínú páálí ní pálọ̀.

Nítorí bàbá rẹ kọ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ọmọ òun kò bá tíì ní kí wọ́n tú èyí tó rà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìdè rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ so tuntun wá lánàá, bàbá rẹ fi ọ̀pá dábùú ẹnu ọ̀nà yàrá. Ọkùnrin náà wò mí, ó wo òun, ó ní òun á padà wá ní Ọjọ́bọ̀.

Ó ku èyí tó kan èmi fúnra mi, mo sì ti ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láti òkè. Ní ọjọ́ kẹtàlá, o pè, o ní, "Màmá, ṣé ó ń tutù?" Mo ní, "Ó ń tutù dáadáa, o ṣeun, ọmọ mi." Bàbá rẹ jókòó tì mí, ohùn rẹ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè sọ ọ́. Èmi tí mo mọ nọ́ńbà kà, tí mo ti rí àwo irin yẹn lẹ́yìn ilé. Nítorí náà, bí mo ṣe ń bínú sí ọ, tí mo ń bínú sí i, ó kàn mí náà. Jọ̀ọ́, má bínú.

N kò fẹ́ kí o ra nǹkan kan mọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má ra nǹkan kan. Pe bàbá rẹ. Má sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ ló rẹ́ ọ jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, nítorí àánú rẹ á ṣe é, á sì tún di ẹ̀rọ náà mú. Sọ pé, "Bàbá, mo ṣe àṣìṣe. Mi ò béèrè ohun tó yẹ kí n béèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u." Mo mọ̀ pé ó wúwo lẹ́nu rẹ. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu òun náà rí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́, ìwọ sì ni ara rẹ le.

Kí Ọlọ́run bá ọ ṣọ́ ilé rẹ, kí ó dá ìyàwó rẹ sí, kí àwọn ọmọ rẹ máa sọ òótọ́ fún ọ nígbà tó ṣì wúlò. Kí ó sì fún ọ ní etí tuntun, nítorí èyí tí mo bí mọ́ ọ kò gbọ́ràn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tí sùúrù rẹ̀ ṣẹ́ku díẹ̀.

Àfikún: Bàbá rẹ jí, ó sì bá mi nídìí ìwé. Mo fi ọwọ́ bò ó. Kò béèrè ohun tí mo kọ, awò kò sì sí lójú rẹ̀. Ó kàn ní kí n yá òun ní bírò, kí n sì fi ibi tí àyè ṣẹ́kù sí han òun. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán, ibi tí yíǹkì ti rú yẹn, òógùn rẹ̀ ló kán sí i. Òun ló wà nísàlẹ̀ yìí. Láti kékeré lo ti ń retí kí ó sọ ọ́ fún ọ, irọ́ sì ni. Pè é kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ dára púpọ̀. Mi ò rí àléébù kankan lára rẹ̀.