Ọmọ-Ọmọ Apẹja Ẹ̀pẹ́ Dé Erékùṣù Oníyùn

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà yìí. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí Ẹ̀gbọ́n Sìká àti ọkọ wọn, mo kí gbogbo agboolé, mo kí àwọn ìyá tí ẹ jọ ń lọ sí àsàlátù. Ìyá Rọ́fíà kúnlẹ̀ kí yín. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó lè bá mi lọ sí ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn fún yín yìí.

Yìnyín ṣì ń bọ́ ní Edgewater bí mo ti ń kọ̀wé. Adágún ẹ̀yìn ilé wa ti dì létí bèbè, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń gé etí èèyàn bí abẹ. Bọ́ọ̀sì náà ni mo ṣì ń wà. Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Chicago ń rí èrò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè parí shift rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ ju "good morning" lọ.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí Rọ́fíà kọ́ ti di àwàdà láàárín wa níbí. Bí a bá kírun Jímọ̀ tán, tí wọ́n bi mí pé kí ni ọmọ mi ń ṣe, tí mo ní òkúta inú òkun ló ń tọ́jú, wọ́n á ní, "Alhaji, ṣé kò rí nursing kọ́ ni?" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó yá, ó pè mí. Ó ní, "Daddy, ẹ gba leave, ẹ wá wo ibi tí mo wà." Maldives ni, láàárín agbami òkun India. Mo wọ bàálù ńlá, mo wọ kékeré, mo tún wọ ọkọ̀ ojú omi. Láti òkè, àwọn erékùṣù náà fọ́n káàkiri bí ẹ̀wà funfun tó dà sórí aṣọ aró. Èyí tí Rọ́fíà wà kéré débi pé mo rìn ín yí po láàárín Àsárì àti Mọ̀gàríbà, mo sì tún ráyè jókòó sinmi.

Mùsùlùmí ni gbogbo wọn, Màámi. Mọ́sálásí àtijọ́ wọn, òkúta iyùn ni wọ́n gbẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ. Iyùn tí mò ń wí yìí, ẹ̀dá abẹ̀mí ni, ó ń hù nínú omi bí igbó, ìdí rẹ̀ ni ẹja ń sá pamọ́ sí. Bí òkun bá gbóná jù, á funfun, á kú. Rọ́fíà ń mú ẹ̀ka àwọn tó ṣẹ́kù, ó ń so wọ́n mọ́ irin lábẹ́ omi kí wọ́n lè tún hù. Ó fi dígí sí mi lójú, ó ní kí n dojú bolẹ̀ lórí omi. Apá kan funfun bí egungun. Apá tirẹ̀ ń tàn: ẹja aláwọ̀ ọsàn, ẹja aláwọ̀ aró, wọ́n ń rá wọlé rá jáde. Ẹkún gbọ̀n mí nínú dígí yẹn.

Ṣùgbọ́n wàhálà wà. Ẹja ńlá ni àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń fi ìwọ̀ pa lójú agbami, ẹja wẹẹrẹ tí wọ́n ń kó nídìí iyùn ni wọ́n sì fi ń tàn án. Àwọ̀n wọn ń ya ẹ̀ka tí Rọ́fíà so. Bí wọn kò bá fi apá ìlà-oòrùn tí ó so wọ́n sí sílẹ̀, àwọn tó gbà á síṣẹ́ yóò kó ẹrù wọn, gbogbo làálàá náà á sì ṣègbé.

Wọ́n pèpàdé sábẹ́ igi kan létí òkun. Olùkọ́ erékùṣù náà ni ó ń túmọ̀ sí èdè Òyìnbó. Bàbá Ìbúráhímù, àgbà àwọn apẹja, wo Rọ́fíà láti òkè délẹ̀. Ó ní ọmọdé tó ti ìlú yìnyín wá, kí ló mọ̀ nípa ebi inú ilé apẹja? Mo fẹ́ dìde. Rọ́fíà fọwọ́ dá mi padà.

Màámi, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, bí ẹ ṣe kọ́ ọ nígbà tó wá sí Ẹ̀pẹ́. Ó ní, "Bàbá, apẹja ni bàbá bàbá mi. Àwọ̀n ló fi rán bàbá mi lọ sílé ìwé. Ìyá-àgbà mi sọ fún mi pé nígbà tí ẹja wọ́n nítòsí, àwọn ọkùnrin ń wakọ̀ lọ jìnnà, àwọn mìíràn kò sì padà. Mi ò wá gba oúnjẹ yín. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ yín lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ni."

Bàbá náà bi olùkọ́ pé kí ló dé tó fi kúnlẹ̀. Èmi ni mo dáhùn pé bí a ṣe ń bá bàbá sọ̀rọ̀ nílé wa nìyẹn. Bàbá wá bèèrè pé níbo ni kí àwọn ti máa rí ẹja wẹẹrẹ. Rọ́fíà ní òun rò pé apá ìwọ̀-oòrùn ṣì ní in, ṣùgbọ́n àwọn ló mọ omi ju òun lọ. Bàbá ní kí ó bá òun wọ ọkọ̀ lọ́la kí àwọn jọ wò ó. Ó ní títí Ààwẹ̀ tó ń bọ̀ yóò fi parí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n sí ìlà-oòrùn. Àwọn ọkùnrin méjì bínú kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kù gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró létí omi, mò ń wò wọ́n. Bàbá fúnra rẹ̀ so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ okùn láti fi pààlà, Rọ́fíà di okùn náà mú fún un, afẹ́fẹ́ ń gbé híjáàbù rẹ̀. Orí mi wú. Ká ní Bàbá mi wà láyé ni, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí àlùjánnà.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, Bàbá Ìbúráhímù di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n fi ọmọ náà sílẹ̀ fún àwọn fún ọdún kan sí i. Ilé wa yóò dá lọ́jọ́ Iléyá, Màámi, ìyá rẹ̀ sì ti sunkún sí i. Síbẹ̀ mo gbà.

Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ọ lórí omi. Kí ó fún ẹ̀yin náà ní ẹ̀mí gígùn àti ara líle. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà. Bí ẹ bá sì dé etí ọ̀sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá mi pé ọmọ-ọmọ ọ̀rẹ́ wọn ti ní ìjókòó tirẹ̀ nínú ọkọ̀ apẹja, lójú òkun tó jìnnà.

Èmi ni ọmọ yín tí ó fẹ́ràn yín,
Múfútáù