Ewé Eéran Ẹ̀yìnkùlé Màmá Wa

Olóòtú wa, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìkàrẹ́ ni mo ń gbé.

Èmi kì í fi iṣẹ́ falẹ̀. Èmi ni mo ní kí a fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ̀yìnkùlé màmá wa ní Ìwàrò-Ọ̀kà, kí ẹrẹ̀ má baà yọ̀ wọ́n ṣubú. Bíríkìlà ń bọ̀ ní Sátidé.

Àmọ́ ibẹ̀ ni ewé eéran wọn wà. Ní kékeré wa, òun la fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, òun la fi ń di iyán lọ sóko. Bí a bá jẹun tán, ewúrẹ́ á jẹ ewé. Kò sí ọ̀rá tó ń dí gọ́tà nígbà yẹn.

Mo sọ fún màmá pé ọ̀rá wà lọ́jà. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá oníṣòwò! O fẹ́ bo èyí tó ń hù lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀, kí n wá máa ra èyí tí ewúrẹ́ ò lè jẹ?"

Wọ́n di mọ́ínmọ́ín fún mi. Nígbà tí mo tú u nílé, òórùn ewé yẹn sọ mí dọmọdé.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n dá bíríkìlà dúró ni? Ẹsẹ̀ màmá ńkọ́? Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mi ò fẹ́ kí Sátidé tètè dé.