Eyín Mẹ́rin Tí Wọ́n Fẹ́ Yọ Lẹ́nu Jemima

Bẹyẹrùnkà, Ìbàdàn.

Ọládèjì Àlàó, ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni iṣẹ́, báwo ni Èkó? Mo ní kí n kọ́kọ́ bèèrè àlàáfíà rẹ kí n tó kó ìdààmú ọkàn mi lé ẹ lórí. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí ni yóò máa ṣọ́ ẹ lọ́hùn-ún, ibi ò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń dùn mí, wọ́n sì ti parí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa.

O ní kí n mú Jemima ọmọ rẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní ọ̀nà Mọlétè, mo mú un lọ. Obìnrin ni dókítà náà, Zulaihat ni wọ́n ń pè é, ọmọlúàbí ni. Ó wo ẹnu ọmọ, ó ní eyín ti pọ̀ ju àyè lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ti ara wọn síta, òun máa yọ mẹ́rin kí òun tó fi wáyà so ìyókù. Mo bi í pé èwo ló ń jẹrà níbẹ̀, ó ní kò sí, gbogbo wọn ló dá ṣáṣá. Ọládèjì, ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi títí di ìsinsìnyí. Eyín tó bá ń dunni lèmi mọ̀ pé wọ́n ń yọ.

Ó tan kọ̀ǹpútà, ó fi orí eegun kan hàn mí, ó ní orí Jemima ni. Mo wo Jemima tó jókòó tì mí, ẹran wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo ní rárá, dókítà, orí òkú nìyẹn. Ó tún fi fọ́tò ọmọbìnrin méjì hàn mí, eyín ọ̀kan yọ síta, ètè èkejì pa dé dáadáa. Mo ní àbúrò lẹ́wà ju ẹ̀gbọ́n lọ. Ó ní ẹnì kan náà ni, kó tó gba ìtọ́jú àti lẹ́yìn tó gbà á.

Nígbà tí a délé, Ìyá Gàfárù tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà máa wọlé bíi tèmi. Mo wo dígí. Òótọ́ ni, látìgbà tí eyín mi méje ti ká, ẹnu mi ti sún jọ bí àpò tí wọ́n fa okùn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí, mo tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, torí mo rò pé tí mo bá ti fọwọ́ sí i, ojú ọmọ wa ti di tiwọn nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ọmọ kọrin níwájú ìjọ, Jemima fi ìwé orin bo ẹnu títí orin fi parí. Mo bi í léèrè, ó ní ọ̀yà ni wọ́n ń pe òun níléèwé. Ó ní, Màmá, ẹnu yín wọlé, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín fún gbogbo ayé, èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, mo yọ fọ́ọ̀mù náà lábẹ́ ìrọ̀rí.

A padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní tèmi wọlé torí àyè eyín tó ká ṣófo, pé ti Jemima kò ní ṣófo, ìyókù ló máa sún dí i, ètè rẹ̀ lè wọlé díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò ní jìn. Mo ní ṣé ó lè búra. Ó ní òun ò lè búra, ojú kálukú yàtọ̀, ṣùgbọ́n òun ti wọn tirẹ̀ dáadáa. Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà.

Wọ́n yọ méjì lánàá, ó ku méjì. Mo bi dókítà pé nígbà tí wọn ò bà jẹ́, ṣé wọ́n lè gbìn wọ́n sẹ́nu tèmi. Jemima bú sẹ́rìn-ín, òwú kún ẹnu rẹ̀, kò sì fọwọ́ bò ó. Mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ yìí mo fi tépù ìránṣọ wọn ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tóbi sí i. Ìyá Gàfárù ní ó máa wọlé, ó wá wú. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ohun tó rọ̀, kò lè jẹ ẹran. Tún bá mi bi àwọn dókítà Èkó nípa eyín gbígbìn yẹn.

Kí Olúwa jẹ́ kó o máa rí jẹ, kó o sì máa ní eyín tí wàá fi jẹ ẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Clara Dáramọ́lá.