Aláǹtakùn Inú Yàrá Yín

Àjìdó, oṣù kẹta, 1936

Ẹ̀gbọ́n mi Zinsu ní Kúmásì,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ikọ́ Ìyá wa ti ń rọlẹ̀, ẹja sì ń wọ àwọ̀n.

Òyìnbó kan tó ń kó kòkòrò jọ rí aláǹtakùn kan nínú yàrá yín. Kò tó hóró ọkà bàbà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Ó ní kò tíì sí ìwé tó dárúkọ irú rẹ̀. Ó béèrè ìdí tí ilé aláǹtakùn fi kún ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá ní a kì í gbá yàrá lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá lọ sí ìrìn àjò.

“Ìgbà wo ló lọ?”

Ìyá ní, “Àárọ̀ yìí ni.”

Ọdún kẹsàn-án tí ẹ ti lọ rèé.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbá yàrá yín, nígbà tí Ìyá ṣì lè dá yín mọ̀.

Àbúrò yín,
Láídé